Kò sí òfin tó ní ká má gé igi orí ilẹ̀ yìí: ṣé ká wó gbogbo rẹ̀ báyìí?

Ọmọ Adó: Ẹ kúulé o, ẹ̀yin àgbà. Púlọ́ọ̀tì méjì ni, lọ́nà Ìyìn, ẹ̀yìn Adó-Èkìtì. Ó máa tó ọdún mẹ́ta kí iṣẹ́ ilé tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìrókò ńlá kan, afàrà méjì, ọ̀pẹ mẹ́fà àti obì mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba dá sí, ìwé ilẹ̀ sì pé. Kọngílá ní ká fi katapílà wó gbogbo rẹ̀ kíákíá, pé bó bá pẹ́, ará àdúgbò á máa pariwo nítorí ìrókò. Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyẹn: bó bá dáa, kí ló dé tá a fi gbọ́dọ̀ ṣe é kí aládùúgbò tó jí?

Ìyá Ọlọ́bì: Ẹ fi ìrókò sílẹ̀ ná. Ta ló gbin obì? Ìrókò lè hù fúnra rẹ̀, obì mẹ́ta kì í déédé tò sójú kan. Nínú àṣà wa, ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹbí kí obì tàbí kòkó orí rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín. Ẹ wo rìsíìtì yín bóyá ó dárúkọ igi. Bí kò bá dárúkọ rẹ̀, ẹ pe olórí ẹbí àti ẹni tó ń ká a, ẹ ka igi lójú wọn, ẹ ya fọ́tò, ẹ sanwó, kí gbogbo yín fọwọ́ síwèé. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 pàápàá ní kí ìjọba sanwó irè oko tó bá wà lórí ilẹ̀ tó bá gbà fún iṣẹ́ ìlú. Ṣé àwa ló wá yẹ ká jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́?

Ọmọ Ìkéré: Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ olọ́mọ. Ilẹ̀ tí igbó bò, ọmọ onílẹ̀ á tún un tà. Ẹ ro ó mọ́ kó hàn pé ó lólúwa.

Awọnlẹ̀: Bíkìn, ìyẹn òpó kékeré tí awọnlẹ̀ ń rì sí igun ilẹ̀, àti pèrègún ẹ̀gbẹ́ ààlà ló ń fi hàn pé ó lólúwa, kì í ṣe ilẹ̀ ìhòòhò. Ẹ ṣán igbó abẹ́ igi lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó tó. Ilẹ̀ tí katapílà bá ha lórí òkè Èkìtì tó dagun yìí, òjò ọdún kan péré á gbá ilẹ̀ dúdú rẹ̀ lọ, koríko tí wọ́n ń pè ní Akíntọ́lá á sì bò ó kí ọdún kejì tó pé. Ẹ ó tún sanwó ríro lẹ́ẹ̀kan sí i.

Gẹdú Èkìtì: Mo fara mọ́ Awọnlẹ̀. Katapílà máa ń ṣẹ́ kùkùté sínú ilẹ̀, wọ́n á wá rọ iyẹ̀pẹ̀ lé e. Ó máa jẹrà, ikán á dé, ilẹ̀ á rì, ògiri á sán. Igi tó bá wà lójú ìpìlẹ̀ nìkan ni kí ẹ gé, nígbà tí búlọ́ọ̀kù bá ti wà nílẹ̀. Ẹ hú kùkùté jáde, ẹ fi yangí dí ihò ní ìpele sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ lu ìkọ̀ọ̀kan le kí ẹ tó da òmíràn.

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn onígbó ìjọba. Pé kì í ṣe igbó ọba kò ní kí ìtì gẹdú gba títì láìníwèé. Agégi tó mọṣẹ́ á la ẹnu sí ara igi ní ìhà tó máa wó sí, jíjìn rẹ̀ á tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú igi. Á gé e látẹ̀yìn, díẹ̀ sókè ju ẹnu náà lọ, á sì dá ìdá kan nínú mẹ́wàá sí láìgé. Èyí tó dá sí yẹn ló ń darí igi. Bó bá gé e já, ibi tó bá wu igi ló máa wó sí. Kí èèyàn jìnnà tó ìlọ́po méjì gíga igi. Ẹ má sì jẹ́ kí afàrà pẹ́ nílẹ̀, kòkòrò á dá a lu.

Ọmọ Adó: Igun ẹ̀yìn ni ìrókò wà. Ṣé a lè dá a sí?

Awọnlẹ̀: Ẹ fi tépù yí i ká ní mítà 1.5 sókè, ẹ fi 3.14 pín in, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12. Bó bá yí mítà 2.2 ká, ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 70, ẹ ó sì fi nǹkan bíi mítà 8.4 sílẹ̀ yíká. Níbẹ̀, ẹ má gbẹ́lẹ̀, ẹ má da yanrìn sí i, kí tírélà má tẹ̀ ẹ́; ilẹ̀ tó bá le pa gbòǹgbò, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni igi máa kú lórí òrùlé yín. Bó bá jẹ́ pé àárín ilẹ̀ ni, tí ìbú rẹ̀ tó mítà kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba púlọ́ọ̀tì kan tán. Màá ní kí ẹ gé e ni. Ní igun, ẹ dá a sí, ẹ gbé sókàwéè lọ sí ìhà kejì.

Ìyá Ọlọ́bì: Ẹ lọ sọ fún ará àdúgbò kí kọngílá tó débẹ̀ o. Bí ẹnì kan bá ń bọ ìdí ìrókò yẹn, ẹnu baálẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ ọ. Bó bá kan ọ̀pẹ, ẹ wòkè kí ẹ tó gé. Bí ẹ̀gà bá ti so ìtẹ́ sí i, ẹ dúró kí ọmọ wọn fò.