Níbo ni mo ti lè ra ìwé orí ẹ̀rọ tí yóò jẹ́ tèmi títí?

Ìyá Ìbejì Ìbarà: Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo fẹ́ máa kó ìwé jọ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ mi, èyí tí wọn á ṣì rí kà tí wọ́n bá dàgbà. Àbúrò mi ra ìwé níbì kan, ibẹ̀ kógbá wọlé, ìwé rẹ̀ sì bá a lọ. Níbo ni kí n ti rà?

Ọmọ Láfẹ́nwá: Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá DRM wà lára rẹ̀. Àgádágodo tí wọ́n fi ń ti fáìlì nìyẹn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, àṣẹ àtikà lẹ rà, ẹ ò ra ìwé. Ní 2009, Amazon pa ìwé George Orwell méjì rẹ́ lórí Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé tirẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó ti sanwó, torí pé ẹni tó gbé wọn sórí àtẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí wọn. Nígbà tí Microsoft ti ṣọ́ọ̀bù ìwé tirẹ̀ ní 2019, ìwé tí wọ́n rà níbẹ̀ kò ṣeé ṣí mọ́. Wọ́n dá owó padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé lèèyàn fẹ́. Nílé níbí náà, OkadaBooks, tó ń ta ìwé orí ẹ̀rọ, kógbá wọlé ní 2023.

Adé Kútọ̀: Ẹ ra ti bébà jàre. Ìwé Ìròhìn tí Townsend, míṣọ́nnárì nì, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ nílùú yìí ní 1859, ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà.

Ìyá Ìbejì Ìbarà: Bébà dáa, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ òjò ti ba púpọ̀ jẹ́ nílé wa.

Láíbìrì Aké: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Project Gutenberg, ìkànnì ìwé àtijọ́, ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí DRM níbẹ̀. Ìwé ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Tor náà kò ní DRM láti 2012. Lórí Kobo, ṣọ́ọ̀bù ìwé orí ẹ̀rọ, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ó ní DRM. Ẹ gba EPUB rẹ̀, ìyẹn fáìlì ìwé náà, sórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí ẹ rà á, kí ẹ ṣe ẹ̀dà sí fúláàṣì. Calibre, ètò orí kọ̀ǹpútà tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, á bá yín tò wọ́n. Èyí tó wù mí jù ni kí ẹ rà á lọ́wọ́ òǹkọ̀wé wa fúnra rẹ̀, pàápàá ìwé Yorùbá: ẹ ní kó fún yín ní EPUB tàbí PDF. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp kankan, oúnjẹ òǹkọ̀wé ni.

Ìyá Ìbejì Ìbarà: Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn tí mo ti rà lórí Kindle ńkọ́?

Ọmọ Láfẹ́nwá: Ní February 2025, Amazon dí ọ̀nà tí a fi ń gba fáìlì wọn láti ìkànnì rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Èyí tó bá ní DRM, ẹ máa kà á níbẹ̀. Èyí tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ìbejì jogún, ẹ tún un rà níbi tí kò ti ní DRM.