Ṣé mo lè jẹ kéèkì níbi ìgbéyàwó àbúrò mi láì ba iṣẹ́ tí mo ti ṣe jẹ́?

Aṣọ́rajẹ:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Mo ti ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ láti ìgbà tí dókítà ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n yáa fọn díẹ̀. Ọpẹ́ ni pé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣòkòtò tí mo ti kó sísàlẹ̀ àpótí ti ń wọ̀ mí, mi ò sì mí hẹlẹhẹlẹ mọ́ tí mo bá gun àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ wa.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àbúrò mi obìnrin máa ṣègbéyàwó. Kéèkì máa wà, áyìísìkiriìmù máa wà, èmi gan-an ni wọ́n sì ní kí n máa bójú tó bí wọ́n ṣe máa gbé e fáwọn àlejò. Ọkọ mi ní kí n jẹ ohun tó bá wù mí lọ́jọ́ náà, pé ọjọ́ kan ò lè ba oṣù jẹ́. Obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tí òun náà ń ṣọ́ra, ní gbogbo Sátidé lòun yà sọ́tọ̀ fún jíjẹ ohun tó bá wu òun, látàárọ̀ dalẹ́, pé ìyẹn ló ń jẹ́ kóun lè fara da ọjọ́ mẹ́fà tó kù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá ní àwọn méjèèjì ń tàn mí ni, pé ẹni tó bá fẹ́ fọn ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan adùn rárá.

Mo fẹ́ràn kéèkì gan-an. Mi ò rò pé mo lè gbé ìyókù ayé mi láì jẹ ẹ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru yìí pa mí. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà?

Màmá Arìnjìnnà:

Ọmọ mi, ẹ kú ìmúra ìgbéyàwó. Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ wọ́n kalẹ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti fọn, mi ò sì tíì sanra padà, bẹ́ẹ̀ mo ṣì ń jẹ kéèkì. Nítorí náà mi ò lè fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ. Àmọ́ ti Sátidé yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, torí ó dà bí ọgbọ́n lójú, ó sì ń pa iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ run láìjẹ́ kí èèyàn mọ̀.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Kálórì la fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Ká ní lójoojúmọ́ ò ń jẹ ohun tó fi kálórì 500 dín sí èyí tí ara ẹ ń lò. Ní ọjọ́ mẹ́fà, ìyẹn jẹ́ 3,000. Bí o bá wá fi Sátidé jẹ 3,000 lé lórí ohun tí ara nílò, ibi tó o ti bẹ̀rẹ̀ lo tún wà yẹn. Kò sì nira láti dé ibẹ̀ tí èèyàn bá ń jẹ látàárọ̀ dalẹ́. Kálórì 9 ló wà nínú gíráàmù ọ̀rá kan, 4 ló wà nínú ti ṣúgà, 7 nínú ti ọtí. Kéèkì wá kó ọ̀rá àti ṣúgà pọ̀. Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ńkọ́, tí kì í yó èèyàn rárá?

Ṣùgbọ́n wo ègé kéèkì kan ṣoṣo. Ká ní kálórì 400 ló wà níbẹ̀. Kí ọ̀rá ara tó fi kílò kan pọ̀ sí i, ó máa tó kálórì 7,700 tó lé lórí ohun tí ara ń lò. Ègé kan ò lè sọ ọ́ di ẹni àná. Torí náà ọkọ ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á: kì í ṣe odindi ọjọ́ lo máa yà sọ́tọ̀ fún ìgbádùn, ohun kan ṣoṣo tó o fẹ́ràn ni.

Mo sì fẹ́ kó o mọ nǹkan kan tí kò ní jẹ́ kó o sunkún lọ́jọ́ kejì. Bí o bá gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó, ó lè ti fi kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gòkè. Kì í ṣe ọ̀rá. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kan rẹ̀ sì máa ń fa omi tó tó gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Ẹni tó ti ń jẹun díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibi ìpamọ́ yẹn ti gbẹ nínú ẹ̀, bó bá wá jẹ kéèkì, ó máa kún padà tòun ti omi. Iyọ̀ inú oúnjẹ àríyá náà máa ń dá omi dúró. Tó o bá padà sí oúnjẹ ẹ, láàárín ọjọ́ mélòó kan omi yẹn á lọ. Mo mọ àwọn tó rí nọ́ńbà yẹn, tí wọ́n ní "gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́," tí wọ́n sì pa ìṣọ́ra tì pátápátá. Ó máa ń dùn mí, torí omi lásán ló lé wọn sá.

Ní ti èèwọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń sọ, lọ́dún 1975, àwọn onímọ̀ méjì, Herman àti Mack, fún àwọn èèyàn ní mílíìkì aládùn mu, wọ́n wá gbé áyìísìkiriìmù síwájú wọn pé kí wọ́n tọ́ ọ wò. Àwọn tí kì í ṣọ́ oúnjẹ jẹ, bí mílíìkì yẹn bá ti wà nínú wọn, wọn ò jẹ áyìísìkiriìmù púpọ̀ mọ́. Àmọ́ àwọn tó ń ká ara wọn lọ́wọ́ kò nídìí oúnjẹ ni mílíìkì ọ̀hún wá ṣí lọ́fun, àwọn gan-an ló jẹ jù. Ẹni tó bá ti sọ pé òun ò gbọ́dọ̀, tó wá rí i pé òun ti ṣe é, ohun tó máa ń rò ni pé kóun kúkú jẹ ẹ́ tán, kóun tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fi kéèkì ṣe èèwọ̀. Tí kì í bá ṣe èèwọ̀, mi ò rú òfin kankan tí mo bá jẹ ẹ́.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é lóde àríyá rèé. Mi ò kì í febi lọ. Èmi á ti jẹun gidi nílé, èyí tó ní ẹyin tàbí ẹja tàbí ẹ̀wà, pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Kí n tó débẹ̀ ni mo ti mú ohun kan tí mo máa jẹ. Tó bá jẹ́ kéèkì, mi ò fọwọ́ kan áyìísìkiriìmù. Èmi á bu ègé kan sínú àwo, èmi á jókòó, èmi á jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ tó bá tẹ̀ lé e, bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ni. Mi ò kì í febi pa ara mi lọ́jọ́ kejì láti san gbèsè, torí ebi yẹn ló máa ń fa àjẹjù míì. Ìwọ tó o máa dúró ti kéèkì, ibi tí wàhálà wà ni fífi ìka lá ìpara orí rẹ̀ àti jíjẹ èérún. Bẹ ẹlòmíì kó bá ẹ gé e.

Pẹ̀lẹ́kùtù:

Ẹ kúuṣẹ́ Mà, mo gbádùn ìṣirò yẹn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wa la lè jẹ ègé kan ká dúró. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà ni ọ̀rọ̀ tèmi pẹ̀lú ṣokoléètì: mo lè jẹ áyìísìkiriìmù níwọ̀nba, mo lè jẹ bisikíìtì méjì kí n dé e padà, àmọ́ tí ṣokoléètì bá wà nílé, mi ò ní sùn. Mo ti fi ìyẹn sílẹ̀ pátápátá, ara sì tù mí. Nítorí náà, Àǹtí Aṣọ́rajẹ, ẹ bi ara yín bóyá kéèkì jẹ́ irú ohun tí ẹ lè dúró níbi ègé kan. Tí ẹ bá lè ṣe é, ẹ jẹ ẹ́.

Lórí ti Sátidé, ọ̀rọ̀ Màmá ló bá a mu. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà láti 1994, National Weight Control Registry, fún àwọn tó ti fi ó kéré tán kílò 13.6 fọn tí wọ́n sì dúró síbẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán. Wọ́n rí i pé àwọn tí oúnjẹ wọn kì í yàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àti òpin ọ̀sẹ̀ kì í tètè sanra padà bí àwọn tó ń ṣọ́ra láàárín ọ̀sẹ̀ nìkan.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Ìsinmi lè wúlò, kó má jẹ́ àjẹjù ni. Ìwádìí MATADOR tó jáde ní Ọsirélíà lọ́dún 2017 lo ọkùnrin 51 tó sanra jù. Apá kan dín oúnjẹ kù fún ọ̀sẹ̀ 16 láìdúró. Apá kejì ń ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí tí ọ̀sẹ̀ ìdínkù wọn fi pé 16. Àwọn tó ń sinmi fi nǹkan bíi kílò 14 fọn, àwọn yòókù fi nǹkan bíi 9. Àmọ́ lásìkò ìsinmi yẹn, ìwọ̀n tí ara wọn ń lò gan-an ni wọ́n ń jẹ, kò lé.

Àǹtí mi, ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé yín débí, torí náà iyọ̀ inú oúnjẹ àríyá ni kẹ́ ẹ ṣọ́ ju kéèkì lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ariwo àríyá mú yín gbàgbé oògùn yín. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bákan náà, ẹni tó bá ń jẹ àjẹjù tí kò lè dá dúró, ní ìkọ̀kọ̀, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kó má pe ìyẹn ní ìgbádùn. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Aṣọ́rajẹ:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Ègé kan ni mo máa jẹ, mo sì lè dúró níbẹ̀. Mo ti pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé òun ni kó máa gé e. Màmá, ọjọ́ wo ni kí n wá gun òṣùwọ̀n?

Màmá Arìnjìnnà:

Má gùn ún lọ́jọ́ kejì. Dúró di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, láàárọ̀, lẹ́yìn tó o bá ti tọ̀, kó o tó jẹun. Kó o sì fi wé ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, má fi wé ti àná. Tó bá ń lọ sílẹ̀ lápapọ̀, má yí nǹkan kan padà.