Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ibo ni mo lè kó àwọn ọmọ lọ lásìkò Iléyá ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ?

Bàbá Mẹ́ta
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Oṣù mẹ́rin rèé tí a kó dé Ìjẹ̀bú-Òde láti Ìbàdàn. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé: obìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti àbíkẹ́yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rin. Màmá mi náà ń bọ̀ wá bá wa ṣọdún, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Mi ò fẹ́ kí gbogbo ọ̀sẹ̀ ọdún lọ sórí fóònù àti ẹran díndín. Ibo la lè jọ lọ? Owó ò pọ̀, mọ́tò wa náà ti dàgbà.

Ọmọ Alárè
Ẹ̀gbọ́n, ẹ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ẹ tún ń béèrè? Ojúde Ọba ni! Ọjọ́ kẹta Iléyá, iwájú ààfin Awùjalẹ̀. Àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, á máa wọlé lẹ́gbẹ́ lẹ́gbẹ́, Gbọ́baníyì, Bọ́bagúnwà àti àwọn yòókù, aṣọ ẹgbẹ́ kan ò ní jọ ti èkejì. Ìgbà tí ẹ bá rò pé ojú yín ti yó ni àwọn ẹlẹ́ṣin á wá dé.

Ìyá Ìbejì Ìtọ̀rò
Ọmọ Alárè, ọmọ mélòó lo gbé lọ rí? Bàbá Mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ojúde Ọba dùn, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin àti ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn kì í ṣe eré níbẹ̀. Èrò á pọ̀ débi pé ẹ ò ní rí ilẹ̀. Àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin máa ń yìnbọn sókè tí wọ́n bá ń wọlé, ìbọn ìbílẹ̀ tí èéfín ẹ̀ funfun. Lọ́dún tí mo kó àwọn ìbejì mi lọ, Táyé fi gèlè mi bojú títí a fi délé, Kẹ́hìndé sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún yìn ín. Inú kan náà ló bí wọn o!

Tí ẹ bá máa lọ, ẹ ti jáde láàárọ̀ kí ọ̀nà tó dí. Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ níbi tó jìnnà, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn tàbí kí ẹ wọ ọ̀kadà dé ìtòsí. Ẹ gbé omi, fìlà àti ìjókòó kékeré dání fún Màmá. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú ìwé kí ẹ fi sápò ọmọ kékeré, torí tí ẹ bá pàdánù ara yín, ìpè kì í tètè wọlé níbi tí èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì dúró sẹ́yìn ẹṣin láéláé, bó ti wù kó rẹwà tó. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í bèèrè ẹni tó ni ọ́.

Alájì Òkè-Àjẹ
Ìyá Ìbejì ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì. Kí n fi tèmi kún un, kí àwọn ọmọ lè mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀. Awùjalẹ̀ gba àwọn Mùsùlùmí láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn, wọ́n sì máa ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Balógun Kúkú, jagunjagun tó gba Ìsìláàmù, ló ṣáájú wọn, ìyẹn ni ẹṣin àti ìbọn fi wà nínú rẹ̀ títí dòní. Lónìí, Kìrìsìtẹ́nì, Mùsùlùmí, gbogbo wa là ń lọ. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó wà lórí oyè láti 1960 títí di 2025, ló gbé régbérégbé dìde lákọ̀tun. Ọmọ yín ọdún mẹ́tàlá yẹn, ẹ ní kó bèèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan pé ẹgbẹ́ wo ló wà. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín in, kì í ṣe owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ yẹn ń gbówó lọ́wọ́ èèyàn.

Ará Ìkẹ́nnẹ́
Ìjẹ̀bú-Òde nìkan ni ayé wà ni? Ẹ wá sí Rẹ́mọ! Láti ọ̀dọ̀ yín kò tó wákàtí kan tí ọ̀nà bá já gaara. Tí líìgì bá ṣì ń lọ, ẹ mú ọmọkùnrin yín wá wo Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́. Ọdún 2025 ni wọ́n gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, ìlú ò sùn. Tí kò bá sí bọ́ọ̀lù, ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ibojì rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí i ní 1909. Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ kí ẹ tó wá, nítorí ọdún ni.

Igi Ìrókò
Igbó Ọ̀mọ̀ ńkọ́? Erin wà ní J4, nínú igbó náà!

Ìyá Ìbejì Ìtọ̀rò
Igi Ìrókò, ẹni tó ní mọ́tò òun ti dàgbà lo ń rán lọ bá erin. Erin kì í ṣe ewúrẹ́. Igbó ìjọba ni, àfi kí èèyàn gba àyè, kó sì ní amọ̀nà. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ títí àwọn ọmọ á fi dàgbà.

Ọmọ Alárè
Erédò Súngbọ́ ló súnmọ́ yín jù. Òkè-Ẹ̀rì ni, ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Yàrà àti òkìtì tí àwọn ará àtijọ́ wà yí ilẹ̀ wa ká, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, gíga rẹ̀ sì tó 20 mítà láwọn ibì kan. Àwọn kan ní ayaba Ṣébà ni Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin tí ìtàn ní ó ni kí wọ́n wa yàrà náà. Èmi ò gbà, torí ayaba Ṣébà ti pẹ́ jù yàrà náà lọ, ṣùgbọ́n ìtàn náà dùn ún sọ fún ọmọ. Ẹ wọ bàtà tó le.

Alájì Òkè-Àjẹ
Kí n tó gbàgbé: nǹkan bí oṣù keje ni Agẹmọ, òrìṣà ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú, máa ń jáde, olórí Agẹmọ mẹ́rìndínlógún ló ń rin ìrìn-àjò lọ sí Ìmòsàn. Obìnrin kì í rí i. Ẹ tètè bèèrè ọjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, kí Màmá, ìyàwó yín àti ọmọbìnrin yín má baà pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Àlejò ni yín, kò sẹ́ni tó máa bínú pé ẹ bèèrè.

Ìyá Ìkókóré
Gbogbo yín ń rìn, kò sẹ́ni tó sọ ohun tí wọ́n máa jẹ. Ẹ se ìkókóré! Ẹ ra ewùrà méjì ní Ìta-Àlẹ́, kí gbogbo ilé jókòó rin ín. Ẹ fi epo pupa pa ọwọ́ àwọn ọmọ kó má baà yún wọn. Ẹ jẹ́ kí ata, epo àti ẹja ti hó kí ẹ tó máa já ewùrà sínú rẹ̀ ní kóbókóbó. Ẹ má rò ó lójú ẹsẹ̀ o! Ẹni tó bá tètè rò ó ti sè é di àmàlà.

Bàbá Mẹ́ta
Ẹ ṣé gan-an ni, mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún wọn nílé. Èmi àti àwọn méjì àgbà á lọ Ojúde Ọba láàárọ̀, àbíkẹ́yìn á jókòó ti Màmá. Ọjọ́ kejì rẹ̀ la máa gba Òkè-Ẹ̀rì lọ. Rẹ́mọ á dúró de owó oṣù. Màmá ní kí n bá àwọn bèèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ Ìyá Ìkókóré: ṣé wọ́n lè fi iṣu lásán ṣe é, torí àwọn ò fẹ́ràn ewùrà?

Ìyá Ìkókóré
Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé rárá.