Iyùn mi ń funfun láti ìdí, bẹ́ẹ̀ omi mọ́ gaara

Báyọ̀_Woolwich

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. London ni mò ń gbé. Táǹkì omi òkun tí mo fi ń sin ẹja àti iyùn (ẹranko òkun tó ń mọ egungun bí òkúta) gba omi lítà 180, ó sì ti lé lọ́dún kan tí mo ti gbé e kalẹ̀. Ẹja kò ní ìṣòro, clownfish méjèèjì ń jẹun dáadáa. Iyùn ló ń já mi láyà. Hammer, iyùn kan tó máa ń na ọwọ́ rẹ̀ jáde láti àárọ̀ dalẹ́ ti ká wọlé, kò yọjú mọ́. Acropora, iyùn mìíràn tí mo fi owó gidi rà, ń funfun láti ìdí lọ sókè: ẹran ara rẹ̀ ń bó, egungun ń hàn. Ohun kan tún wà lórí iyanrìn, ó rí bí ikun, àwọ̀ ilẹ̀ ni, ó ń fà, afẹ́fẹ́ kéékèèké sì há sínú rẹ̀. Mo máa ń fi rọ́bà fà á jáde lálẹ́. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti tún bo ilẹ̀.

Omi RO/DI, èyí tí wọ́n sẹ́ títí kò fi sí ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́, ni mò ń lò, omi ẹ̀rọ kì í kàn án rárá. Skimmer, ẹ̀rọ tó ń fi ìhó kó ìdọ̀tí kúrò nínú omi, ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, mo sì fi oògùn tó ń gba phosphate sínú reactor, ike tí omi ń gbà kọjá. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń pààrọ̀ omi. Ohun tí mo rí nígbà tí mo wọ̀n ọ́n lánàá nìyí:

Iyọ̀ 1.025, ooru 25.5°C, alkalinity (agbára omi láti má di kíkan) 11.4 dKH, calcium 430, magnesium 1320, nitrate 0, phosphate 0.

Lójú tèmi, gbogbo rẹ̀ ló dára. Ẹni tó ta iyùn fún mi ní kí n ra skimmer tó tóbi ju èyí lọ, kí n sì máa pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí lẹ̀yin rí sí i?

Táyọ̀_Omíyọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ yẹ refractometer yín, ohun tí ẹ fi ń wọn iyọ̀ omi, wò. Omi lásán tí a fi ń dá a padà sí òdo kò tó. Ẹ ra omi ìdíwọ̀n 35 ppt (gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílógíráàmù omi kan), ẹ kán díẹ̀ sójú gíláàsì rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá 35 náà ló máa fi hàn. Tèmi máa ń fi méjì lé e.

Ìgbín inú táǹkì yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń rìn?

Báyọ̀_Woolwich

Ìgbín? Háà. Mo rí àwọn kan tí wọ́n já bọ́ láti ara gíláàsì tí wọn ò lè yí ara wọn padà. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni.

Ìyá_Ẹlẹ́ja

Báyọ̀, ọmọ mi, má ra skimmer kankan. Fi owó rẹ sápò. Omi rẹ kò dọ̀tí. Ebi ló ń pa àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

Wo ibi tí o kọ nitrate 0 àti phosphate 0 sí, kí o wá wo alkalinity 11.4. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í gbé pọ̀ kó dára. Inú ẹran ara iyùn ni àwọn ohun tín-tìn-tín kan ń gbé tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, iyùn sì ń bá wọn jẹ nínú rẹ̀. Nitrate àti phosphate ni ajílẹ̀ tiwọn. O ti gba ajílẹ̀ náà tán lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ alkalinity tó ga ń lé iyùn níré pé kó máa mọ egungun lọ. Bíríkìlà tó ń to búlọ́ọ̀kù sókè ni, tí ebi sì ti dá àwọn lébìrà rẹ̀ dùbúlẹ̀. Acropora ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn. Hammer máa ń ní sùúrù díẹ̀ kó tó bínú.

Ikun tí o ń fà jáde yẹn, dinoflagellate (dino), ohun tín-tìn-tín kan tó ń gbé inú omi, ni mo fura sí. Tí nitrate àti phosphate bá ti di òdo, àwọn bakitéríà àti ewé kéékèèké tó yẹ kó bá a du ilẹ̀ á rọ, òun á wá gba gbogbo ibẹ̀. Májèlé wà lára àwọn kan nínú wọn, ìdí nìyẹn tí Táyọ̀ fi béèrè ìgbín. Bí o bá fẹ́ ẹ̀rí, fa díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú omi táǹkì, dé e, gbọ̀n ọ́n títí yóò fi tú pátápátá. Sẹ́ ẹ gba inú bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí, kí o gbé omi tó jáde sábẹ́ iná fún nǹkan bíi wákàtí kan. Tó bá tún so mọ́ra tó ń fà, òun ni. Cyanobacteria, bakitéríà tó máa ń bo ilẹ̀ táǹkì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn pupa, ó sì máa ń ṣí bí awọ.

Yọ oògùn phosphate yẹn kúrò lálẹ́ òní. Jẹ́ kí skimmer máa sinmi fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́. Dáwọ́ pípààrọ̀ omi dúró ná, torí iyọ̀ tuntun tí o ń pò yẹn ló ń gbé alkalinity padà sókè ní gbogbo ìgbà. Fún ẹja lóúnjẹ ju bí o ṣe ń ṣe lọ. Bí nitrate kò bá gòkè, ra èyí tí wọ́n pò fún táǹkì iyùn, máa kán an díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wà láàárín 5 sí 10. Phosphate, 0.05 sí 0.1. Ti phosphate yìí lè mú ọ bínú o: àpáta rẹ máa kọ́kọ́ fà á mu, wàá fi sí i lónìí, wàá wọ̀n ọ́n lọ́la, òdo lo tún máa bá. Má torí ìyẹn da ìgò tán sínú rẹ̀.

Alkalinity ńkọ́? Má fọwọ́ kàn án. Iyùn á jẹ ẹ́ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Nǹkan bíi 7 dKH ló wà nínú òkun gan-an. 8 ni mo ń di tèmi mú sí. Kó má yí ju 1 lọ lóòjọ́, yálà ó ń gòkè ni o tàbí ó ń sọ̀. Bó bá wá lọ sílẹ̀ jù lọ́jọ́ iwájú, gíráàmù 3 sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì àti kéèkì máa fi 1 dKH kún omi lítà 100. Rántí pé àpáta àti iyanrìn ti gba àyè nínú 180 yẹn. Bí èmi ni, 150 ni màá ṣírò rẹ̀ sí, ìyẹn gíráàmù 4.5. Yọ́ ọ nínú omi RO kí o tó dà á, kí o dà á síbi tí pọ́ǹpù ti ń tú omi jáde. Àkókò kan náà ni kí o máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, kí o máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo máa ń gba ìwé tí mo kọ ọ́ sí gbọ́ ju nọ́ńbà ọjọ́ kan ṣoṣo lọ.

Ọmọ_Ajah

Mọ́mì, ẹ kú làákàyè. Èkó ni mo wà, iyọ̀ táǹkì ti wọ́n kọjá agbára mi. Ṣé mo lè máa pọn omi òkun létí Lẹ́kí? Ooru náà tún ń yọ mí lẹ́nu: tí NEPA bá ti mú iná lọ, omi á dé 30. Àbúrò mi tún ń bọ̀ láti London, mo ní kó bá mi gbé iyùn nínú ọ̀rá wá.

Ìyá_Ẹlẹ́ja

Omi etí òkun Èkó? Rárá. Ọ̀sà ń tú sínú rẹ̀, gbogbo ohun tí ìlú dà nù ló sì ń bá a wá. Nígbà òjò, omi odò tó ń wọ̀ ọ́ máa ń sọ iyọ̀ rẹ̀ kalẹ̀, wàá fi refractometer wò ó, ẹnu á yà ọ́. Àfi bí o bá mọ apẹja tó ń wọ ibú lọ tó lè pọn ọ́n fún ọ níbi tí omi ti dúdú.

Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi máa sọ ooru kalẹ̀, àmọ́ omi á máa gbẹ. Omi RO lásán ni kí o fi dí i, má fi omi iyọ̀ dí i, torí iyọ̀ kì í bá omi fò lọ. Bó o bá ní bátìrì tó lè gbé ohun kan péré, pọ́ǹpù tó ń ru omi ni kó gbé. Jẹ́ kí iná kú. Iyùn lè wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n omi tó dúró sójú kan láìsí afẹ́fẹ́ á pa ẹja mọ́jú.

Ti àbúrò rẹ: iyùn eléegun wà nínú Appendix II ti CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu. Láìsí ìwé àṣẹ, wọ́n máa gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú.

Báyọ̀_Woolwich

Mọ́mì, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yọ reactor. Mo ṣe ti bébà kọfí yẹn: ó so pọ̀ lóòótọ́, ó lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò, afẹ́fẹ́ sì ti ń yọ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara mi ò gbà á kí n kàn máa wò ó. Mò ń rò ó kí n kó àpáta jáde, kí n sè é nínú ìkòkò ńlá, kí n pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn zoanthid (ẹranko kékeré tó jọ iyùn, tí kò ní egungun) tó wà lára rẹ̀ ò pọ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́ja

BÁYỌ̀, MÁ SE ÀPÁTA KANKAN. Má da omi gbígbóná sí i pẹ̀lú. Májèlé tí wọ́n ń pè ní palytoxin wà lára ọ̀pọ̀ zoanthid, ó wà lára àwọn májèlé tó lágbára jù lọ láyé yìí, iná kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pa á. Bí o bá sè é, èéfín rẹ̀ ni gbogbo ará ilé á fà símú: ibà, ikọ́, àyà á fún. Odindi ìdílé ti dé ọsibítù nítorí irú ẹ̀ nílẹ̀ ibi tí o wà yẹn. Bí o bá fẹ́ fọwọ́ kan zoanthid, wọ ìbọ̀wọ́, bo ojú, sì fọ ọwọ́ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Pa àwọn ọmọdé mọ́ kúrò níbẹ̀.

Ohun tó máa fẹ́ kánjú ni Acropora yẹn. Má dúró kó funfun dé orí. Fi àlùmọ́gàjí gé e ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sókè ibi tí funfun dé, nínú èyí tó ṣì ní àwọ̀. Fi superglue tó ki lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta kékeré tuntun, kí o gbé e sí ìsàlẹ̀ díẹ̀ níbi tí iná ò ti mú jù. Èyí tó ti funfun, jù ú nù.

Ra UV, iná tó ń pa ohun tín-tìn-tín inú omi, pẹ̀lú tí owó bá wà. Àwọn dino kan máa ń gbéra kúrò nílẹ̀ lóru, wọ́n á máa léfòó nínú omi. Àwọn yẹn ni UV ń pa. Èyí tí kì í kúrò nínú iyanrìn, kò ní rí i. Tan iná fóònù sí táǹkì ní aago méjì òru, kí o wò ó bóyá ikun ṣì wà nílẹ̀ tàbí ó ti lọ, kí o tó náwó. Kọ ohun tí o rí síbí, àti iye nitrate.