Ṣé dídá hard drive dúró nígbà tí a kò bá lò ó máa ń dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Mo ní hard drive mẹ́rin, 4TB ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú kọ̀ǹpútà Linux kan nílé. Gbogbo fọ́tò òde tí mo ti yà láti ọdún 2014 ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Bóyá ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni mo máa ń ṣí wọn. Ìgbà tó kù, wọ́n kàn ń yí lásán ni. Orí inverter la sì máa ń wà lálẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 5 láìṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó bá sùn, kò tó wáàtì 1. Ìdí nìyẹn tí mo fi lo hdparm -S 120 (àṣẹ Linux tó ń sọ ìgbà tí drive máa sùn), kí wọ́n máa dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10.

Àyà mi já lánàá. Mo wo SMART (àkọsílẹ̀ ìlera tí drive ń ṣe fúnra rẹ̀), Start_Stop_Count (iye ìgbà tó ti gbéra tó sì dúró) ọ̀kan nínú wọn ti fi 900 lé sí i láàárín oṣù kan! Èmi kọ́ ni mò ń jí i tó bẹ́ẹ̀. Àbí smartd, ètò tó ń yẹ SMART wò látìgbàdégbà, ni?

Ìwé drive náà sọ pé orí rẹ̀ (apá tó ń ka dátà) lè gòkè sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbà 300,000. Tí a bá ṣírò ìyẹn pẹ̀lú 900 lóṣù, ó ju ọdún 27 lọ. Ṣùgbọ́n mọ́tò ńkọ́? Ìgbà tó bá ń gbéra ló máa ń fa iná jù, ooru àti òtútù tó ń tẹ̀lé ara wọn sì ń bà mí lẹ́rù.

Ṣé kí n sún ìṣẹ́jú 10 yẹn sí wákàtí kan, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n máa yí lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó pẹ́, èwo ló kọ́kọ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ yín?