Oúnjẹ ò tó mi nílé tí wọ́n fi mí wọ̀ sí ní Sẹ̀nẹ̀gà, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ìyá mi. London ni mo ti wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní abúlé kan lágbègbè Kaffrine. A máa ń wọn ọmọ ọwọ́ nílé ìtọ́jú abúlé, ọ̀dọ̀ ìdílé àgbẹ̀ kan ni mo sì ń gbé. Wọ́n fún mi ní orúkọ ilé wọn, Ndiaye, wọ́n sì ń ṣìkẹ́ mi.

Nígbà tí mo dé, ìrẹsì òun ẹja la máa ń jẹ lọ́sàn-án. Àfi bí òjò ṣe wọlé tán tí ẹja di ọ̀wọ́n. Ní báyìí, alaalẹ́ là ń jẹ cere, jéró tí wọ́n fi ooru omi sè, pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé mòríńgà. Abọ́ kan náà ni gbogbo wa yí ká, ọwọ́ àwọn ọmọdé sì yá ju tèmi lọ. Ebi ń jí mi lóru. Mo fẹ́ ra sítóòfù gáàsì kékeré kí n máa dáná nínú yàrá mi, àmọ́ mi ò fẹ́ kí inú màmá ilé bàjẹ́.

Èyí tó tún dùn mí ni ìyá kan lọ́jà, Diop ni orúkọ ilé tiwọn. Bí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n á pariwo pé wọ̀bìà ni mí, pé ìrẹsì ni mo mọ̀. Ṣé àwọn ará ilé ló ń sọ̀rọ̀ mi níta ni?

Ìyá Ẹniọlá:
Ọmọ mi, kú ìfaradà. Jọ̀ọ́, má dáná nínú yàrá. Obìnrin tó ń sè fún odidi agbo ilé, tí àlejò rẹ̀ wá ń ti ilẹ̀kùn jẹun, ojú wo ló máa fi wo aládùúgbò? Tó bá sì jẹ́ yàrá tí wọ́n fi koríko bò ni, gáàsì kọ́ ló yẹ ibẹ̀.

Dúpẹ́ Kaolack:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìyá ọlọ́jà yẹn. Àwọn tó ń jẹ́ Ndiaye àti àwọn tó ń jẹ́ Diop, wọ́n máa ń bá ara wọn ṣàwàdà láti ayébáyé. Olúkúlùkù ló ń pe ẹnì kejì ní ajẹ̀rẹsì. Tí wọ́n bá tún pè ọ́ bẹ́ẹ̀, sọ pé Diop ló jẹ ìrẹsì ìlú tán. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì mọ̀ pé o ti di ọmọ ilé.

Ti oúnjẹ, kò sẹ́ni tó ń fi pamọ́ fún ọ. Láti oṣù keje títí dé ìkẹsàn-án, jéró àti ẹ̀pà ọdún yìí ṣì wà lóko, ti èṣí sì ti ń tán nínú àká. Wọ́n ń fi díẹ̀ tó kù bọ́ ìwọ náà ni. Ra ìrẹsì, òróró àti ẹja gbígbẹ, kó o fún màmá láàárọ̀ nígbà tí èrò ò sí nítòsí. Nídìí abọ́, iwájú rẹ ni kó o ti máa jẹ. Màmá á máa já ẹja sí ọ̀dọ̀ rẹ. Má tètè dìde o! Kéèyàn tètè dìde, ẹ̀kọ́ ilé ni lójú tiwa, àmọ́ lójú wọn, o ti yó nìyẹn.

Olùkọ́ Rájì:
Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ara kì í ṣe igi. Tí òòyì bá ń kọ́ ọ, lónìí náà ni kó o sọ fún àwọn tó mú ọ wá. Bi wọ́n pẹ̀lú bóyá owó oúnjẹ rẹ ń dé ọwọ́ ìdílé náà lásìkò. Ra ẹyin, kí màmá máa bá ọ sè é.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mi ò mọ̀ pé èèlò ń tán nílé, màmá ò sọ nǹkan kan. Mo máa ra ìrẹsì lọ́jà tó ń bọ̀. Ṣé bàbá ilé ni kí n kó o fún ni?

Dúpẹ́ Kaolack:
Rárá. Fẹnu sọ fún bàbá, kó o kó ẹrù fún màmá. Ra ṣúgà àti tíì díẹ̀ kún un fún bàbá.