Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ fi ọ̀gànwó kan máńdólìnì aláyà pẹlẹbẹ

Káfíńtà Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Alárè orí ìtàkùn yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ àga àti kọ́bọ́ọ̀dù ni mò ń ṣe níbí, mo sì máa ń ta gítà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọbìnrin mi ń kọ́ fáólìnì lọ́wọ́. Olùkọ́ rẹ̀ ló là mí lóye pé ohùn kan náà ni wọ́n ń lọ́ okùn fáólìnì àti ti máńdólìnì (ohun èlò orin tó dà bí gítà kékeré) sí, G, D, A, E, pé ọmọ tó bá ti mọ ibi tí ìka ń tẹ̀ lórí ọ̀kan, kò ní pẹ́ mọ èkejì. Àtìgbà yẹn ni ọkàn mi ti wà níbẹ̀. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kàn án fún un.

Mo ti tẹ àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Aláyà pẹlẹbẹ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbẹ́ àyà rẹ̀ jáde láti inú igi nínípọn. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni gbogbo ara rẹ̀, irinṣẹ́ tí mo ní lọ́wọ́ sì tó o ṣe. Okùn mẹ́jọ ni, méjì méjì lọ́nà mẹ́rin. Láti nọ́ọ̀tì (igi kékeré tí okùn gbà kọjá lókè ọrùn) títí dé bíríìjì (igi tó gbé okùn sókè lórí àyà) jẹ́ mílímítà 350.

Àwòrán náà ní igi òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní spruce ni kí n fi ṣe àyà, a kì í sì í rí i ní sọ́ọ̀mìlì wa. Ọ̀gànwó ni mo ní, pákó tó ti pẹ́ nílé. Ṣé ó lè ṣe é? Àbí kí n kúkú ra èyí tí wọ́n ti gé sínú páálí láti òkè òkun, kí tèmi jẹ́ kí n tò ó kí n sì lẹ̀ ẹ́? Gọ́ọ̀mù funfun tí à ń lò fún àga ńkọ́? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ yékéyéké.

Bàbá Onípákó, Ṣágámù

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀gànwó dára. Mọ̀lẹ́bí mahogany ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ó sì ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí Martin, ilé iṣẹ́ gítà ní Amẹ́ríkà, ti ń fi mahogany ṣe àyà gítà. Spruce fúyẹ́, ó sì le ju bí ó ṣe fúyẹ́ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀. Ohùn ọ̀gànwó yóò rọ̀ díẹ̀ sí i, ó tán. Ẹnì kan lè sọ fún ọ pé kí o lo àrẹ̀rẹ̀ torí pé ó fúyẹ́. Má dá a lóhùn. Àrẹ̀rẹ̀ kò le tó, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí o gbájú mọ́ ni omi inú igi. O ní ó ti pẹ́ nílé, ṣùgbọ́n igi tó pẹ́ nílé ní Ìjẹ̀bú kò túmọ̀ sí igi gbígbẹ. Ní àkókò òjò, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá tó ìdá 80 nínú 100, pákó máa ń gbé omi tó ìdá 16 nínú 100 ìwọ̀n gbígbẹ rẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ dé 50, omi náà á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 9. Wàyí o, ká ní o lẹ igi àmúró mọ́ abẹ́ àyà ní oṣù keje. Ọyẹ́ dé, àyà fẹ́ sún kì ní ìbú, igi àmúró tó dábùú rẹ̀ kò sì gbà fún un. Yóò là gbọọrọ, okùn kò tíì gun orí rẹ̀. Nítorí náà, dúró de ọyẹ́ kí o tó lẹ àyà àti ẹ̀yìn. Òjò tó bá dé lẹ́yìn náà á mú kí àyà wú sókè díẹ̀, ìyẹn kò lè là á.

Nísinsìnyí tí òjò ṣì ń rọ̀, gé pákó náà sí mílímítà 5, fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè ráyè gbà. Wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, kí o kọ iye rẹ̀ sára pákó. Máa wọ̀n wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà tí iye náà kò bá wálẹ̀ mọ́ nínú ọyẹ́ ni kí o tó fi ìfági kàn án.

Tún yí ìdí pákó sókè kí o wo ìlà rẹ̀. Èyí tí ìlà rẹ̀ dúró ṣánṣán láti ojú dé ẹ̀yìn ni kí o mú. Èyí tí ìlà rẹ̀ sùn gbalaja máa ń sún kì tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́.

Atún-gítà-ṣe, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Bàbá, ṣùgbọ́n èmi ò bá ra páálí. Wọ́n ti tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún yín, wọ́n ti gé ojú fúrẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń pín ohùn) sórí igi ìka tó wà lójú ọrùn. Ibi méjì yẹn ló ń fa ìdádúró fún ẹni tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́. Ohun èlò orin tí fúrẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò bọ́ síbi tó yẹ, bí ara rẹ̀ bá ń dán bíi dígí, kò sí orin tí ẹ máa fi ta tí kò ní dun ọmọ náà létí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé aláyà pẹlẹbẹ kì í ṣe ojúlówó. Ní nǹkan bí ọdún 1918, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ilé iṣẹ́ ohun èlò orin Gibson ṣe irú rẹ̀ jáde fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà.

Káfíńtà Ìjẹ̀bú-Igbó

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ ṣeun. Màá gé pákó náà lọ́sẹ̀ yìí.

Àbúrò, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n mo ti ṣírò owó páálí, mo sọ ọ́ di náírà, mo fi owó ọkọ̀ òfurufú àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù lé e. Ọwọ́ mi kò ká a. Tí mo bá ra àwọn irin nìkan ńkọ́, kí n kan gbogbo ohun tó jẹ́ igi fúnra mi?

Olùkọ́ físíìsì, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ lè kàn án fúnra yín, ojú fúrẹ́ẹ̀tì kò sì le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ìṣirò lásán ni. Ẹ pín 350 sí 17.817. Ẹ máa rí 19.64, ibẹ̀ ni fúrẹ́ẹ̀tì kìíní wà láti nọ́ọ̀tì. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 350, ó ku 330.36. Ẹ tún pín ìyẹn sí 17.817, ó di 18.54, ẹ rò ó mọ́ ti àkọ́kọ́: fúrẹ́ẹ̀tì kejì wà ní 38.18. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe máa lọ. Ìkejìlá gbọ́dọ̀ bọ́ sí 175 gééré, ìdajì 350. Tí kò bá bọ́ síbẹ̀, ìṣirò ti yẹ̀ níbì kan. Tí ẹ bá fẹ́ fàlà, láti nọ́ọ̀tì ni kí ẹ ti máa wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Tí ẹ bá ń wọn láti ọ̀kan sí èkejì, àṣìṣe kékeré á máa gun orí ara wọn.

Ohun tó jẹ mí lógún jù ni agbára okùn, kò sì tíì sí ẹni tó mẹ́nu bà á. Okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ ń fa ọrùn yẹn tó kìlógíráàmù 70 sí 80, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì kan àti ààbọ̀, tọ̀sán-tòru, lórí àpótí tí pákó rẹ̀ kò nípọn ju mílímítà 3 lọ. Igi àmúró abẹ́ àyà ló ń gbé e. Káfíńtà tó bá bẹ̀rù pé ó máa ṣẹ́ sábà máa ń mú un fẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá sọ fífẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Tí ẹ bá sọ gíga rẹ̀ di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Mílímítà 6 ní fífẹ̀ àti 12 ní gíga láàárín tó, kí ẹ fá etí rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan sókè ihò àyà, ọ̀kan sísàlẹ̀ ihò náà, láàárín ihò àti bíríìjì. Kí ìlà igi àmúró dúró ṣánṣán, bí Bàbá ṣe wí.

Onílù, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ fi igi apá ṣe igi ìka àti bíríìjì. A mọ apá dáadáa nídìí iṣẹ́ ìlù. Ó le, kì í sì í yí padà tí ojú ọjọ́ bá yí.

Atún-gítà-ṣe, Ìjẹ̀bú-Òde

Màámi olùkọ́ físíìsì ti já mi ní koro lórí ọ̀rọ̀ fúrẹ́ẹ̀tì, mo gbà. Ẹ ra ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gé mílímítà 0.6 ṣá o, kí fúrẹ́ẹ̀tì lè há síbẹ̀ dáadáa.

Fún ẹ̀gbẹ́, ẹ fá ọ̀gànwó dé mílímítà 2, ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ wá páìpù onírin tí ẹ máa ko èédú gbígbóná sí nínú. Tí omi tí ẹ bá ta sára páìpù bá ń fò tìì, ó ti tó. Ẹ máa rọra tẹ̀ ẹ́, ẹ má fipá. Ẹ gé ju iye tí ẹ nílò lọ, torí ọ̀kan lè ṣẹ́.

Gọ́ọ̀mù funfun yẹn, ẹ lò ó fún àga. Bó bá gbẹ tán, ó ṣì máa ń fà díẹ̀díẹ̀ tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ tí ooru sì mú un. Ẹ rò ó wò tí ẹnì kan bá fi máńdólìnì sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn. Èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ṣe fún pákó ló dára fún ọrùn àti igi àmúró. Àwọn kan ń lo èyí tí wọ́n ń sè láti ara awọ màlúù, ó le gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin àti ooru ló ń tú u, àwa sì ní méjèèjì.

Káfíńtà Ìjẹ̀bú-Igbó

Inú mi dùn, ẹ ṣeun gan-an ni. Irin ìlọ́kùn, irin ìdí tó ń di okùn mú, wáyà fúrẹ́ẹ̀tì: àwọn yẹn nìkan ni màá rà. Igi apá wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà fún mi. Ó ku ìbéèrè kan. Bíríìjì yẹn, ṣé kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà bíi ti gítà?

Atún-gítà-ṣe, Ìjẹ̀bú-Òde

Rárá o. Níwọ̀n ìgbà tí irin ìdí bá ti di okùn mú lẹ́yìn, ẹ kàn gbé bíríìjì lé àyà, kí okùn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀fẹ́ lẹ ti rí ibi tí ẹ ó ti máa tún ohùn ṣe yẹn. Ẹ gbé e sí 350 kọjá díẹ̀, nǹkan bíi mílímítà 2. Ẹ fọwọ́ kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lórí fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá kí ẹ ta á, lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ gan-an kí ẹ tún ta á. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá lọ sókè ju èkíní lọ, ẹ ti bíríìjì sẹ́yìn. Bó bá wálẹ̀, ẹ fà á síwájú. Ẹ ṣe é fún okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù àti èyí tó nípọn jù, bíríìjì lè dúró ní ìdagun díẹ̀.

Tí ẹ kò bá rí okùn máńdólìnì rà, okùn gítà onírin ṣe é lò: 10, 14, 24 àti 34 (nínípọn wọn ní ìdá ẹgbẹ̀rún ínǹṣì), méjì méjì. Ẹ rọra fọ́ bọ́ọ̀lù kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀, òrùka tó bá ṣẹ́kù ló máa kọ́ sára irin ìdí.

Bàbá Onípákó, Ṣágámù

Tí o bá ti gé pákó náà, ya orí rẹ̀ ní fọ́tò kí o fi sí ibí, kí n bá ọ wo ìlà rẹ̀ kí o tó tò ó.